Búrọ́ọ̀ṣì Photoshop tí a fọwọ́ ara wa ṣe, àti ilà ojú bàbá ará Oǹdó

Búrọ́ọ̀ṣì la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Kì í ṣe èyí tí a fi ń fọ eyín, kì í sì í ṣe ti akunlé. Búrọ́ọ̀ṣì inú Photoshop ni, pàápàá èyí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ yín ló ń wa búrọ́ọ̀ṣì ọ̀fẹ́ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kún kọ̀ǹpútà yín fọ́fọ́, ẹ ò sì lò ju mẹ́ta lọ nínú wọn. Èyí tí ẹ máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe fúnra yín lè wúlò ju gbogbo wọn lọ.

Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń wá láti Oǹdó kò kéré, fọ́tò òkú àgbà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Bàbá ti lo ọgọ́rin ọdún láyé, wọ́n fẹ́ sin ín, fọ́tò kan ṣoṣo tó dáa tí wọ́n ní ni èyí tó yà ní sítúdíò nígbà tó ṣì lágbára. Ó ti ya létí, omi ti kán sí i. Ẹnì kan fi fóònù yà á, ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n fẹ́ báńà, wọ́n fẹ́ kàléńdà, wọ́n fẹ́ ìwé ètò ìsìnkú, ọ̀la ni wọ́n sì fẹ́ gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document, torí pé WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè dá ohun tó ti sọnù padà.

Wàhálà ibẹ̀ ni ilà ojú. Ilà Oǹdó, ọ̀kan ṣoṣo ni, ó gùn, ó hàn ketekete, ọ̀kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ti òsì. Spot Healing Brush, tó wọ inú Photoshop ní 2005, kò mọ ilà yàtọ̀ sí àpá. Ohun tó bá ti yàtọ̀ sí awọ tó yí i ká, àbùkù ló kà á sí. Ẹ fi kàn án lẹ́ẹ̀kan, ilà ti lọ nìyẹn. Àwọn app fóònù tó ń mú ojú dán tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí báńà níwájú ilé òkú tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ń dán bíi ti ọmọ ogún ọdún, tí àbúrò rẹ̀ obìnrin dúró tì í, tó ń bi àwọn ọmọ pé ta ni wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀ yìí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ka kíkọ ilà sára ọmọ léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn àgbà ló kù tó ń gbé ilà yìí rìn, bí wọ́n sì ṣe ń lọ, fọ́tò nìkan ni a ó ti máa rí i.

Ṣé ẹ rántí bí àwọn onífọ́tò àtijọ́ ṣe máa ń mú àgbà jókòó? Á kojú sí kámẹ́rà gan-an, ọwọ́ á wà lórí itan, aṣọ á fẹ̀ dáadáa. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ̀wé nípa ìjókòó yìí nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Oore ló jẹ́ fún wa, torí pé iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì máa ń hàn. Bí ibì kan bá bàjẹ́, awọ tí a ó fi tún un ṣe ṣì wà lójú kan náà.

Búrọ́ọ̀ṣì kò ju òǹtẹ̀ lọ. Bí ẹ ṣe ń fa máòsì, òǹtẹ̀ náà ló ń tẹ̀ léraléra. Ibi tó dúdú nínú àwòrán òǹtẹ̀ ló ń kùn, ibi tó funfun kì í kùn rárá, ibi tó rí bí eérú máa ń kùn fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó rí róbótó tó bá Photoshop wá, inú rẹ̀ dán láìní ihò, ìdí nìyẹn tí awọ tí ẹ bá fi kùn fi ń dà bí ike.

Torí náà, ẹ wá ibi tí awọ ti mọ́ níwájú orí bàbá, ẹ fi Lasso mú un, ẹ copy rẹ̀ sínú fáìlì tuntun tó funfun. Ctrl+Shift+U á yọ àwọ̀ kúrò. Ẹ tẹ Ctrl+L, ẹ fa Levels títí ibi tó mọ́lẹ̀ á fi funfun, tí ihò wẹ́wẹ́ ara awọ nìkan á ṣẹ́ kù. Ẹ fi ọ̀dà funfun pa etí rẹ̀ rẹ́ yíká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ibi tí òǹtẹ̀ bá kàn ló máa fi ààlà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, Edit, Define Brush Preset, ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ tẹ F5, ẹ fi Spacing kún un kí òǹtẹ̀ má gun ara wọn, kí ẹ sì gbé Angle Jitter dé 100%. Ẹ má fo èyí o. Láìsí i, awọ bàbá á máa tún ara rẹ̀ ṣe bí àdìrẹ onípátákó.

Kí ẹ tó kan ojú rárá, ẹ yí ilà ká, ẹ tẹ Ctrl+J kó lè ní layer tirẹ̀, ẹ gbé e sókè pátápátá, ẹ tì í pa. Ẹ wá ṣí layer mìíràn sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi Alt mú àwọ̀ awọ tó wà nítòsí, ẹ fi Opacity sí 20%, ẹ máa kùn ún díẹ̀díẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ibi tí ilà wà gan-an ló ya ńkọ́? Àwọn kan máa ń yí ti ẹ̀gbẹ́ kejì padà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọwọ́ olóòlà kì í ṣe ẹ̀rọ, méjèèjì kì í dọ́gba, òjìji rẹ̀ á sì tún wá láti ibi tí iná sítúdíò kò sí. Búrọ́ọ̀ṣì tínínrín ni kí ẹ fi fà á, etí kan dúdú, etí kejì mọ́lẹ̀ díẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú iná inú fọ́tò. Kí ẹ sì fi han ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ lè má rántí ibi tí ilà parí sí, àbúrò bàbá á rántí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní Photoshop, GIMP jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì lè ṣí ọ̀pọ̀ fáìlì .abr. Níbẹ̀, ohun tí ẹ bá ti copy máa ń di búrọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ nínú àkójọ, àmọ́ tí ẹ bá tún copy nǹkan mìíràn, ti tẹ́lẹ̀ ti lọ, ẹ yáa tọ́jú rẹ̀ bíi .gbr. Ẹ fi orúkọ bàbá sọ fáìlì náà, torí pé lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn ọmọ á tún padà wá fún ìrántí ọdún kan.