Bíréèkì Kẹ̀kẹ́ Tó Ní Ọwọ́ Ìtúsílẹ̀
Aluminiọ́mù, irin, rọ́bà àti wáyà

Ní oṣù Keje ọdún 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Borno fòfin de ọ̀kadà ní Maiduguri. Ní àdúgbò Gomari àti káàkiri ìlú náà, ọ̀pọ̀ èèyàn padà sórí kẹ̀kẹ́ ológeere.

Ní ti bíréèkì kẹ̀kẹ́ tó wà níbí yìí, kẹ̀kẹ́ eré ìje ló ni irú rẹ̀. Apá méjì rẹ̀ ló ń fún rííìmù mọ́ àárín. Ẹ wo ọwọ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun ni ọgbọ́n ibẹ̀: bí a bá gbé e sókè, apá méjèèjì á là, táyà á sì kọjá láìjẹ́ pé a tú wáyà. Ibẹ̀ náà ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹni tó bá fa wáyà le nígbà tí ọwọ́ náà ṣì wà lókè, bó bá ti dá a padà sísàlẹ̀, rọ́bà á máa ha rííìmù. Ká kọ́kọ́ tẹ ọwọ́ náà wálẹ̀, ká tó fi sípánà de wáyà. Kí rọ́bà fi nǹkan bíi mìlímítà 2 jìnnà sí rííìmù lọ́tùn-ún lósì, kó má kan táyà rárá, torí ó lè gé e. Lásìkò ọyẹ́, iyanrìn tó há sára rọ́bà máa ń họ rííìmù. Ó yẹ ká máa yọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ yìí kí ẹ tó gbéra: ìsàlẹ̀ ni kó wà.