Dídín Owó Oúnjẹ Kù Nípa Lílo Ohun Tí Ó Wà Nílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n lóde òní, owó tí a fi ń lé ebi lọ kò kéré rárá. Ní ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Owó ọkọ̀ lọ sókè, gbogbo ọjà sì gbówó lórí. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fi hàn pé owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní ìdá 40 nínú 100 ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Lóòótọ́, ní oṣù keje ọdún náà, owó oṣù tí ó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000, ṣùgbọ́n ọjà ni ó gba púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Wo agbègbè ilé-iṣẹ́ ní Òdógunyàn, ní Ìkòròdú. Òṣìṣẹ́ tí ó ti rẹ̀ jáde ní ìrọ̀lẹ́, ó yà sí ẹ̀bá títì, ó ra ìrẹsì dẹ́rìkà kan. Bẹ́ẹ̀ ni ìrẹsì wà nínú ike nílé tí kòkòrò ń jẹ. Oúnjẹ tí a rà tí a gbàgbé, owó tí ó sọnù ni. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ọjà.

Lọ́nà kìíní, ka ohun tí ó wà nílé kí o tó lọ sí ọjà Sábó. Kọ ọ́ sínú ìwé: èyí tí ó kù, èyí tí ó ti tán, àti èyí tí kò ní pẹ́ bàjẹ́. Èyí tí kò ní pẹ́ bàjẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ sè. Ohun tí yóò bá a lọ nìkan ni kí o rà.

Lọ́nà kejì, má ṣe da gàrí tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Jẹ ti àtijọ́ tán ná. Ní ti ẹ̀wà, sá a sí oòrùn kí ó gbẹ dáadáa, kí o sì rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ le dan-in dan-in. Kòkòrò kì í pẹ́ kú níbi tí kò sí afẹ́fẹ́.

Lọ́nà kẹta, pa àwọn ohun kéékèèké pọ̀. Ẹ̀wà díẹ̀ tí kò lè yó ènìyàn mẹ́fà lè di gbẹ̀gìrì tí gbogbo ilé yóò fi jẹ àmàlà. Bí ewùrà bá wà nílé, rin ín, kí o fi se ìkọ́kọrẹ́; panla, edé àti pọ̀nmọ́ tí ó ṣẹ́kù yóò wúlò níbẹ̀. Iṣu tí ó bá pọ̀ jù, bó o, gé e, bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, kí o sá a gbẹ fún èlùbọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ìṣọ́wóná ra àìsàn. Ẹ̀pà, àgbàdo tàbí èlùbọ́ tí ó bá ti bu, ẹ dà á nù. Májèlé tí ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lè wà nínú rẹ̀, sísè kò sì lè pa á run. Ẹ má ṣe fi oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré oògùn DDVP ní ọjà, nítorí pé àwọn ènìyàn ń ṣì í lò.

Ní ìparí, ilé tí ó bá fi ọgbọ́n yìí dá ààbọ̀ kóńgò ìrẹsì sí lọ́sẹ̀ kan yóò ti dá kóńgò méjì sí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Owó rẹ̀ lè kún owó ìwé tàbí owó ìdánwò ọmọ. Nítorí náà, kí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ máa wo inú kọ́bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó gbé agbọ̀n ọjà.