Gbígba Yàrá Kan ní Èkó

Yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ilé ní Èkó. Ní Mushin, Ṣómólú, Bàrígà, Àjégúnlẹ̀ àti Agége, inú ilé tí wọ́n ń pè ní fésì-mí-àì-fésì-yú ni irú yàrá bẹ́ẹ̀ máa ń wà: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn, àwọn yàrá sì kọjú síra wọn lọ́tùn-ún àti lósì. Tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ wọn lè wà nínú ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà nínú èkejì, kí ìyá àgbàlagbà kan dá wà nínú ẹ̀kẹta. Balùwẹ̀, ilé ìyàgbẹ́, ilé ìdáná àti kànga wà lẹ́yìnkùlé, gbogbo ilé ló sì jọ ń lò wọ́n. Àjọlò yìí ló mú kí owó yàrá náà mọ níwọ̀n, òun náà ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ yìí yàtọ̀ sí agbo ilé àtijọ́. Àgbàlá ló wà láàárín agbo ilé, àwọn yàrá yí i ká, ẹbí kan náà ló sì ń gbé e. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, wà lára àwọn tó mú ilé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ là láàárín gbajúmọ̀. Nígbà tí àwọn tó ń wá iṣẹ́ wá sí Èkó ń pọ̀ sí i, àwọn onílé rí i pé irú ilé bẹ́ẹ̀ rọrùn láti fi gba owó, torí pé yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀, àlejò kò sì ní gba inú yàrá ẹlòmíràn kọjá kó tó dé tirẹ̀. Ìjọba náà gbìyànjú láti kọ́lé fún mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 1955 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó apá kan Erékùṣù Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè, nígbà tí Lateef Jakande sì jẹ́ gómìnà, láàárín ọdún 1979 sí 1983, ìjọba rẹ̀ kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Abẹ́sàn, Ìjayé, Ìsọlọ̀ àti àwọn ibòmíràn. Èrò ṣáà pọ̀ ju ilé lọ. Ọwọ́ onílé aládàáni ni yàrá mẹ̀kúnnù ṣì wà títí di òní.

Ẹni tówó rẹ̀ bá ga díẹ̀ lè gba yàrá àti pálọ̀, tàbí sẹ́fù-kọ̀ntéènì, èyí tí balùwẹ̀ àti ilé ìdáná rẹ̀ wà nínú yàrá fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mínì-fúláàtì. Iye owó máa ń fò láti ìpele kan sí èkejì, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pẹ́ nínú ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Ibi iṣẹ́ ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò kó tó wo yàrá. Yàrá tó rọjú ní Ìkòròdú lè náni ju ti Bàrígà lọ tí a bá ṣírò owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ mọ́ ọn, pẹ̀lú wákàtí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Agbádó àti Òyìngbò ní ọdún 2024, ìṣirò yìí ti yí padà fún àwọn tó ń gbé nítòsí ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Ìjú, Agége tàbí Mushin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó àti ti Yábàá Tẹ́ẹ̀kì ní tiwọn máa ń rọ́ sí Àkọkà, Bàrígà àti Ṣómólú, torí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa kan péré dé kíláàsì.

Ọwọ́ ajẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ yàrá ń gbà bọ́ sọ́wọ́ ayálégbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè fi ọjọ́ mélòó kan rìn ládùúgbò tó fẹ́, kó kí ìyá alákàrà, kó bi fọganáísà àti onísọ́ọ̀bù léèrè, máa ń gbọ́ nípa yàrá tó ṣófo kí ajẹ́ńtì tó gbọ́. Àwọn èèyàn yìí kan náà ló mọ ilé tí ìyá onílé ti ń ti géètì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí wọ́n sì mọ ibi tí ọ̀gbàrá ti ń ya wọlé. Ajẹ́ńtì tòótọ́ wà, iṣẹ́ wọn sì wúlò. Ajẹ́ńtì ayédèrú náà pọ̀: yóò gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kan, yóò fi han èèyàn mẹ́wàá, yóò gba owó lọ́wọ́ wọn, yóò sì sá lọ. Ọjọ́ tí àwọn mẹ́wàá bá kó ẹrù dé ni wọ́n máa ń mọra. Kí ẹnikẹ́ni má sanwó kó tó fojú kan onílé tàbí ẹni tí onílé fi ilé sí lọ́wọ́, kó sì bá àwọn tó ń gbé inú ilé náà sọ̀rọ̀.

Owó àkọ́wọlé ló ń fa ọ̀pọ̀ èèyàn sẹ́yìn. Ká ní yàrá kan jẹ́ 25,000 náírà lóṣù. Owó ọdún kan ni onílé sábà máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tuntun, ìyẹn 300,000 náírà. Bí ajẹ́ńtì bá gba ìdá kan nínú mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí kọmíṣọ̀n, tí lọ́yà gba iye kan náà fún àgírímẹ́ǹtì, tí onílé sì gba irú rẹ̀ fún owó kọ́ṣọ̀n tí ayálégbé yóò gbà padà nígbà tó bá ń kó jáde, 390,000 náírà ni èèyàn yóò kó kalẹ̀ kó tó gbé ẹní wọlé. 85,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ẹni tó ń gba iye yẹn yóò fi ohun tó lé ní owó oṣù mẹ́rin àbọ̀ sílẹ̀ fún yàrá kan, láìjẹ, láìmu, láìwọ ọkọ̀. Ó burú kí owó tí èèyàn ń gbà lóṣooṣù máa bá owó ilé tí wọ́n ń gbà lọ́dọọdún jà báyìí, ọ̀rọ̀ tó sì yẹ kí àwọn aṣòfin tètè bójú tó ni. Ní báyìí, àjọ àti èésú ló ń gba ọ̀pọ̀ là: wọ́n á dá a lójoojúmọ́ lọ́wọ́ alájọ, wọ́n á sì kó o nígbà tí owó ilé bá tó. Kò yani lẹ́nu pé Ṣómólú, àdúgbò àwọn oníyàrá kan, ni alájọ tó lókìkí jù nílẹ̀ Yorùbá ti ṣiṣẹ́.

Àsìkò òjò ló dára jù láti lọ wo yàrá. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí a wo ìsàlẹ̀ ògiri: ibi tí ọ̀dà ti bó tàbí tí ó ní àmì omi ni àgbàrá ti dé rí. Kí a gbójú sókè wo sílíìnì bóyá páànù ń jò. Fèrèsé méjì sàn ju ẹyọ kan lọ, nítorí ooru. Lẹ́yìn náà ni ká lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ká ka iye yàrá tó ń lo ilé ìyàgbẹ́ kan, ká wo jíjìnnà rẹ̀ sí kànga. Ká béèrè bóyá mítà kan ni gbogbo ilé ń lò, ká sì béèrè gbèsè tó wà lórí rẹ̀, torí gbèsè iná tí ẹni tó ti kó lọ fi sílẹ̀ máa ń di ti ẹni tó wọlé. Ibi tí omi kò bá ti sí, mẹ́rúwà ni wọn yóò máa ra omi lọ́wọ́ rẹ̀, owó ilé mìíràn nìyẹn.

Ẹni tó ni ilé gan-an ni ohun tí àwọn tó ń wá yàrá kì í sábà béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Èkó ti di ilé ẹbí. Bàbá tó kọ́ ọ ti kú, àwọn ọmọ pọ̀, ìyàwó ju ọ̀kan lọ. Ọmọ kan lè gba owó ọdún lọ́wọ́ ayálégbé lónìí, kí àbúrò rẹ̀ dé lọ́la pé apá tòun ni yàrá yẹn, òun kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ owó tí wọ́n san. Níbi tí ilé bá ti jẹ́ ti ẹbí, olórí ẹbí ló yẹ kó fọwọ́ sí ìwé, pẹ̀lú ẹlòmíràn nínú àwọn ọmọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí Òfin Ayálégbé ti ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin náà kò kan Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island, ṣùgbọ́n ó kan àwọn àdúgbò tí yàrá kan pọ̀ sí. Ó ní onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Lọ́wọ́ ẹni tó ti wà nínú ilé, kò gbọdọ̀ gba ju oṣù mẹ́fà lọ bó bá jẹ́ oṣooṣù ni àdéhùn, tàbí ọdún kan bó bá jẹ́ ọdọọdún. Kò parí síbẹ̀: ayálégbé tó bá san ju iye yẹn lọ náà ti rú òfin. Owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni ìjìyà rẹ̀. Àwọn onílé kan ṣì ń gba owó ọdún méjì, torí ẹni tó ń wá yàrá kì í fẹ́ fẹjọ́ sun kí yàrá má baà bọ́.

Òfin kan náà ní onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì owó tó san. Orúkọ àwọn méjèèjì, àdírẹ́sì, iye owó, ọjọ́ tó san àti àkókò tí owó náà kárí ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú àánú san owó láìgba ìwé, torí bàbá onílé jẹ́ àgbàlagbà tó ń pè é ní ọmọ, kò ní ohun tí yóò nà sí adájọ́ bí bàbá bá kú.

Tí ayálégbé bá ti wọlé, àṣà ilé ló kù. Wọ́n máa ń pín gbígbá ẹ̀yìnkùlé àti fífọ balùwẹ̀ kíri láti yàrá dé yàrá. Owó iná ni wọ́n máa ń jà lé jù níbi tí mítà bá ti jẹ́ ẹyọ kan, nítorí oníyàrá tó ní fáànù kan kì í fẹ́ san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní fíríìjì. Ilé tó bá pín in ní ìbámu pẹ̀lú ohun èlò tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń lò máa ń ní àlàáfíà díẹ̀. Owó kólẹ̀kólẹ̀ wà, owó ọdẹ àdúgbò wà, ó sì yẹ kí èèyàn ti béèrè ìwọ̀nyí kó tó wọlé.

Bí onílé bá fẹ́ kí ayálégbé jáde, nótíìsì ló máa kọ́kọ́ fún un. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù kan ni ti ẹni tó ń san owó lóṣooṣù, oṣù mẹ́fà sì ni ti ẹni tó ń san lọ́dọọdún. Lẹ́yìn èyí ni nótíìsì ọjọ́ méje, kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ní ọjọ́ ìparí, tí ọjọ́ náà sì ti pé, nótíìsì ọjọ́ méje nìkan ló ní ẹ̀tọ́ sí. Yíyọ páànù orí ayálégbé, títi ìlẹ̀kùn mọ́ ẹrù rẹ̀ tàbí kíkó tọ́ọ̀gì wá bá a jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ibi yòówù kí gbèsè dé. Kí ìjà tó tó bẹ́ẹ̀, Citizens Mediation Centre, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, máa ń pe onílé àti ayálégbé jókòó láti bá wọn parí rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ tí ayálégbé bá ń kó jáde, kó san owó iná tó jẹ, kó tún ibi tó bà jẹ́ ṣe, kó sì pe onílé wọ inú yàrá kí wọ́n jọ wò ó kí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni yóò ti béèrè owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀, pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀ lọ́wọ́.