Kẹ́mísírì: Kí Ọmọ Yín Tó Yàn Án Tàbí Kọ̀ Ọ́

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì tàbí ní Kàdúná, bí ọmọ yín bá fẹ́ wọ ọdún mẹ́ta tí ó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdìrì, yóò bi yín léèrè ẹ̀kọ́ tí òun yóò yàn. Ọ̀pọ̀ bàbá a máa dáhùn pé, "Yan èyí tí kò le." Ìdáhùn náà kù díẹ̀ káàtó.

Ẹni tí kò ṣe kẹ́mísírì kò lè kọ́ iṣẹ́ dókítà, apòògùn tàbí nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì pàápàá nílò rẹ̀. Bí ó bá yí ọkàn padà lẹ́yìn náà, ọdún mìíràn àti owó mìíràn ni yóò fi tún ìdánwò ṣe.

Àwọn kan ń bẹ̀rù orúkọ òyìnbó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá wa ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́. Wọn a sun èèpo kòkó, wọn a sẹ́ omi eérú rẹ̀, wọn a sì sè é pọ̀ mọ́ àdí títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Pọ́táṣì inú eérú ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Èmi kò ní kí a fi ipá mú ọmọ tí ìṣirò ń dà láàmú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ béèrè bóyá olùkọ́ kẹ́mísírì wà, àti bóyá àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ ara wọn wọn ásíìdì nínú yàrá àyẹ̀wò, nítorí ìdánwò WAEC ní apá àfọwọ́ṣe. Bí kò bá sí, ẹ tètè wá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kí sáà tuntun tó wọlé.