Ẹ ṣọ́ra fún Banshee àlòkù! Ìbejì inú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lè má bára mu

Orúkọ tí wọ́n fún alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yìí gan-an tó láti mú èèyàn ronú lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìtàn àwọn ará Ireland, iwin obìnrin tó máa ń ké lóru bí ẹnì kan bá fẹ́ẹ́ kú nínú ẹbí ni wọ́n ń pè ní Banshee. Orúkọ ọ̀hún ni iléeṣẹ́ Yamaha fún ẹ̀rọ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1987 títí di 2006. Látìgbà tí wọ́n ti dáwọ́ ẹ̀ dúró níbẹ̀, àlòkù làwọn tó fẹ́ràn eré àsápajúdé lórí iyanrìn ń wá kiri. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o.

Ẹ́ńjìnnì two-stroke ló wà lára ẹ̀, irú èyí tó wà lára jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù ẹ̀. Àmọ́ ìbejì ni ti Banshee. Sílíńdà méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú písítìnì tiẹ̀, kàbúrétọ̀ tiẹ̀ àti sàlẹ́ńsà tiẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀ láti iléeṣẹ́, inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 64, méjèèjì pa pọ̀ sì jẹ́ 347 cc.

Sílíńdà méjèèjì yìí ò lẹ̀ mọ́ra wọn. Èèyàn lè tú ọ̀kan kó má fọwọ́ kan èkejì. Bí ọ̀kan bá wá nọ́ọ̀kì, kí ni ọlọ́kọ̀ tówó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ máa ń ṣe? Á ra ẹyọ kan tí ẹlòmíì ti lò, á gbé e jókòó ti èyí tó kù, á fọ ọkọ̀ náà kó dán, á sì gbé e sọ́jà. Ẹni tó bá rà á ò ní í mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà kọ́ ló wà nínú ẹ́ńjìnnì òun.

Ọjọ́ tí wọ́n bá tú u ni àṣírí máa tú. Sílíńdà òsì lè jẹ́ 64.25, kí tọ̀tún jẹ́ 65. Síbẹ̀, ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ara ògiri sílíńdà two-stroke ni ihò tí pẹtiróòlù ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde wà. Àwọn tó ń wá eré àsápajúdé máa ń gbẹ́ ihò èéfín yìí sókè. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ tọ̀tún, tí wọn ò gbẹ́ tòsì, pẹtiróòlù tó ń tó ọ̀kan lè má tó èkejì. Bẹ́ẹ̀, inú pẹtiróòlù yẹn lọ́ìlì wà! Èyí tí kò bá rí i mu tó á gbóná, písítìnì ẹ̀ á wú, á lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ́ńjìnnì á gan.

Ìgbà wo lèyí sì máa ń ṣẹlẹ̀? Ìgbà tí eré bá le jù ni. Ṣéènì ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Bí ẹ́ńjìnnì bá gan lójijì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà á gan, àfi tẹ́ni tó gùn ún bá tètè fa kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ nìyẹn mọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó yọ pọ́lọ́ọ̀gì méjèèjì, kó wo ojú wọn. Bí ọ̀kan bá funfun, tí èkejì dúdú, ilé náà ò tòrò. Kó fi géèjì wọn kọ̀ǹpirẹ́ṣọ̀n, kó máa tẹ kíìkì títí ọwọ́ géèjì ò fi ní í gòkè mọ́. Bí sílíńdà méjèèjì bá fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ síra, kó fura. Ṣùgbọ́n ríìngì tuntun lè bo àṣírí, nítorí náà, kó ní kí wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n sábà máa ń tẹ nọ́ńbà sórí písítìnì tó bá tóbi ju ti iléeṣẹ́ lọ.

Àtúnṣe wà, àmọ́ kò gba ìkánjú. Sílíńdà tó bàjẹ́ jù ni wọ́n máa fi ṣòdiwọ̀n. Bí ọ̀kan bá nílò 65 kó tó mọ́, 65 làwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í gbẹ́ ẹ kọjá 66. Písítìnì méjèèjì gbọ́dọ̀ wá láti iléeṣẹ́ kan náà, kí wọ́n sì gbé wọn fún ẹni tó fẹ́ gbẹ́ sílíńdà kó tó bẹ̀rẹ̀, torí písítìnì gan-an ló yẹ kó wọ̀n, kì í ṣe nọ́ńbà ara páálí. Àlàfo tó máa wà láàárín písítìnì àti ògiri ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bó bá fún jù, á gan. Bó bá gbà jù, á máa pariwo. Kó tún fi fáìlì pa etí àwọn ihò yẹn, kí ríìngì má baà kọ́ ọ, kó ṣẹ́. Bí ihò èéfín wọn ò bá dọ́gba, èyí tó rẹlẹ̀ ni wọ́n máa gbẹ́ bá èyí tó ga, torí èyí tí wọ́n ti gbẹ́ ò ṣeé dá padà.

Kí wọ́n tó tan án, kí wọ́n dí gbogbo ẹnu ẹ̀, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ psi 6 sínú ẹ̀. Bí kò bá lè mú un dúró fún ìṣẹ́jú 6, afẹ́fẹ́ ń jò, iṣẹ́ ò tí ì parí.

Owó péréte tí ọlọ́kọ̀ àkọ́kọ́ fẹ́ẹ́ ṣẹ́ kù ló di písítìnì méjì, sílíńdà méjì, nígbà mìíì kíráńkì pẹ̀lú, lọ́rùn ẹlòmíì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ tú u wò kẹ́ ẹ tó sanwó.