Ọkà Kíkan fún Adìẹ: Ohun tí Ó Lè Ṣe àti Ohun tí Kò Lè Ṣe

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ilé tí kò ní adìẹ mélòó kan ní ẹ̀yìnkùlé kò pọ̀ ní ìbùdó. Oúnjẹ ni ó sì ń gba owó jù lọ́wọ́ ẹni tí ń sin adìẹ. Ọ̀pọ̀ ń béèrè bóyá òótọ́ ni pé ọkà tí a rẹ títí ó fi kan ń ṣe adìẹ ní àǹfààní ju ọkà gbígbẹ lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kíkan kò lè ṣe, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n lè pàdánù gbogbo adìẹ rẹ̀.

ÌDÍ TÍ Ó FI DÁRA

Àwọn ìyá tí ń ṣe ògì mọ ohun tí a ń wí. Bí ọkà bá wà nínú omi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, àwọn ohun alààyè tí ojú kò lè rí yóò sọ omi náà di kíkan. Kíkan yìí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn rí àyè nínú oúnjẹ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ń mú egungun le wà nínú ọkà, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dà bí ẹrù tí a dì pa, inú adìẹ kò lè tú u dáadáa. Rírẹ àti kíkan ń bá a tú lára rẹ̀. Wọ́n tún ń dín ohun kíkorò inú ọkà bàbà pupa kù, ọkà náà a sì rọ̀ fún iwe adìẹ láti lọ̀.

BÍ A TI Ń ṢE É

1. Ẹ ṣa ọkà bàbà, jéró tàbí àgbàdo. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Kí àgbàdo jẹ́ èyí tí a lọ̀ fọ́.

2. Ẹ dà á sínú ìkòkò amọ̀ tàbí korobá oníke. Ẹ má ṣe lo agolo onírin, nítorí kíkan ń jẹ irin. Kí omi fi ìka mẹ́rin ga ju ọkà lọ. Bí ẹ bá ní omi ògì kíkan, ẹ bu ife kan sí i, yóò tètè kan.

3. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ gbé e sí ibòji, kí ẹ máa rò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tó. Nígbà ọyẹ́ ó lè di mẹ́rin.

4. Òórùn ògì ni ó yẹ kí ó máa rùn. Bí ó bá ń rùn bí ohun jíjẹrà, tàbí tí ó hu irun dúdú tàbí àwọ̀ ewé, ẹ rì í mọ́lẹ̀.

5. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ bu ìwọ̀n tí adìẹ lè jẹ tán láàárín wákàtí kan. Ẹ kó ìyókù kúrò, kí ẹ sì fọ ọpọ́n oúnjẹ wọn.

OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Èkíní, kíkan kì í sọ ọkà tí ó ti bu di rere. Májèlé tí ń bẹ nínú ọkà àti ẹ̀pà tí ó bu kì í bá omi lọ, sísè kì í sì í pa á. Ní ọdún 1960, ó ju 100,000 tòlótòló lọ tí ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí ó bu, èyí tí wọ́n kó wá láti Brazil. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé yìí ń bà jẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó rẹ ọkà ni kí ẹ ṣà á, kí ẹ sì yẹ kúlíkúlí wò bákan náà.

Èkejì, ẹ má ṣe fi irúgbìn tí a ti fi oògùn pa fún gbígbìn bọ́ adìẹ láé. Rírẹ kò lè fọ oògùn náà kúrò.

Ẹ̀kẹta, ọkà nìkan kò tó. Nínú 100 gíráàmù àgbàdo, èròjà tí ń mú ara dàgbà kò ju nǹkan bí 9 lọ, ti bàbà jẹ́ nǹkan bí 10. Adìẹ tí ń yé ẹyin ń fẹ́ tó 16. Bí ẹ bá fi kìló kan kúlíkúlí lílọ̀ tí kò ní iyọ̀ tàbí ata po kìló márùn-ún ọkà, tí ẹ wọ̀n kí ẹ tó rẹ ẹ́, yóò súnmọ́ ọn. Ẹ gún ìkarahun ìgbín sí ọpọ́n ọ̀tọ̀ fún èèpo ẹyin. Àwọn àgbà ní adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta mì, síbẹ̀ ó ní òun kò ní eyín: ẹ má ṣe fi òkúta wẹ́wẹ́ dù ú. Fún adìẹ òyìnbó tí a há mọ́lé, ọkà kíkan kò gbọdọ̀ rọ́pò oúnjẹ tí a pò fún un.

Ẹ̀kẹrin, kíkan kì í dènà lúkúlúkú tí a ń pè ní Newcastle. Àjẹsára ni ó lè dènà rẹ̀, kí ọyẹ́ tó dé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a wò, kí ó pín adìẹ rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, kí ó fi ọkà kíkan bọ́ apá kan, kí ó sì fi ọkà gbígbẹ bọ́ èkejì, kí ó máa kọ iye ẹyin sílẹ̀ fún oṣù kan. Ìwé tí ó kọ yìí ni yóò sọ fún un bí ó bá tọ́ láti tẹ̀síwájú.