Ẹja Ẹ̀yìnkùlé Ń Ṣàìsàn: Ẹ Kọ́kọ́ Wo Omi Rẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ìyàwó ilé kan ní Ọ̀fà lè bu oúnjẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kí ó sì rí i pé àwọn ẹja àrọ̀ tí ó ń sìn nínú dọ̀rọ̀mù kò sáré wá jẹun mọ́. Àwọn kan dúró ní òòró, wọ́n gbé ẹnu sókè omi. Méjì ti kú. Owó bàtà ilé-ìwé ọmọ ni ó wà nínú omi yẹn. Ohun tí ó sábà máa ń wá sí ọkàn ni pé kí a sáré lọ ra kápúsù, kí a sì tú u sínú omi. Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́, ẹ fara balẹ̀ ná.

Ẹja tí ó wà nínú odò Ọ̀yun lè sá kúrò níbi tí omi ti bàjẹ́. Ẹja inú dọ̀rọ̀mù kò ní ibi tí yóò sá sí. Inú omi kan náà ni ó ti ń jẹun, ibẹ̀ ni ó ti ń yàgbẹ́, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń mí. Bí ìgbẹ́ àti àjẹkù oúnjẹ bá jẹrà, oró kan tí à ń pè ní amóníà a jáde, a sì máa jó ibi tí ẹja fi ń mí. Nígbà ọyẹ́, òtútù kì í jẹ́ kí àrọ̀ jẹun púpọ̀. Bí a kò bá dín oúnjẹ kù, àjẹkù ni yóò kún ìsàlẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ ohun tí ń ṣe wọ́n? Àrọ̀ a máa gòkè wá mí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ẹja betta ti ilẹ̀ Thailand, tí àwọn ènìyàn ń sìn fún ẹwà, ti ń ṣe. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ wọn bá dúró sókè láìsọ̀kalẹ̀, tí omi sì ń rùn, omi ni ó bàjẹ́. Bí ohun funfun bí òwú bá lẹ̀ mọ́ ara wọn, irú ohun tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó bu ni. Bí lẹ́bẹ́ tàbí ìrù bá ń jẹrà, tàbí tí egbò pupa bá yọ, kòkòrò àrùn ti wọlé. Omi ìdọ̀tí ni ó sì sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún un. Bí orí bá là, ẹ wo oúnjẹ wọn: àìtó fítámì C lè fà á, oúnjẹ tí ó sì ti pẹ́ nílẹ̀ a máa pàdánù fítámì náà.

Ìtọ́jú rẹ̀ nìyí. Ẹ kó òkú ẹja kúrò, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe sè é. Ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan. Ẹ fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde, kí ẹ sì pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà. Ẹ má ṣe pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, nítorí ìyípadà òjijì a máa pa ẹja. Omi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí fún wákàtí 24 kí klórínì lè fò lọ. Omi kànga ni kí ẹ máa dà láti inú garawa kan sí òmíràn, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ẹ ya èyí tí ó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀ nínú ike. Iyọ̀ ṣíbí tíì 2 tí a yọ́ sínú omi líta 10 a máa ràn án lọ́wọ́.

Ní ti kápúsù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bí a bá ń lò ó láìmọ ìwọ̀n, kòkòrò àrùn a kọ́ bí a ti ń borí rẹ̀, oògùn náà sì lè kù nínú ẹja tí àwọn ọmọ wa yóò jẹ. Bí ikú kò bá dáwọ́ dúró, ẹ gbé ẹja kan tí ó ń ṣàìsàn, ní ààyè, pẹ̀lú ìgò omi rẹ̀, lọ bá dókítà ẹran. Yunifásítì Ìlọrin, tí kò jìnnà sí wa, ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko.

A mọ Ọ̀fà mọ́ ìjàkadì. Ẹsẹ̀ ẹni tí a ń bá jà ni à ń wò kí a tó dá a. Ẹsẹ̀ àìsàn ẹja, inú omi ni ó wà. Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ dé ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ gbóòórùn omi yín.